Ẹ̀rọ Tó Ń Wá Gideon

Akọ̀pẹ ni Prosper ní Ìjù-Odò. Igbà ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n, wọn ò fi ìwé mọ̀ ọ́n. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ló ti já ìwé sílẹ̀, lọ́dún tí bàbá wọn já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, tí kò sí ẹni tí yóò gun àwọn tó kù. Gideon, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń kàwé lọ. Kò sí ẹni tó jókòó pín in bẹ́ẹ̀. Bó ṣe bọ́ sí nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mú ìwé, àbúrò mú igbà, ìyá wọn sì ń bu pupurú fún àwọn méjèèjì nínú àwo kan ṣoṣo.

Ó yẹ ká ti sọ ọ́ ṣáájú: Gideon ti kú.

Ibà apọ́njú ni. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ní Òkìtìpupa. Inú pósí ló ti padà wálé.

Òbí kì í rí sàréè ọmọ. Kò sí ẹni tó ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn nílẹ̀ Ìkálẹ̀, ì báà jẹ́ aláṣọ funfun, ì báà jẹ́ ẹni tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Kí pósí tó wọ̀lú, wọ́n ti gbé Ìyá sínú mọ́tò, ó di Akotogbo, lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ìyá kò lè rìn. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ti kú láti èṣín. Bí wọ́n ṣe gbé e ló ṣe lọ. Nígbà tí wọ́n gbé e padà dé, yẹ̀pẹ̀ ti gbẹ lójú sàréè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Kò sunkún. Ohun tó ń ba Prosper lẹ́rù nìyẹn. Obìnrin tó máa ń sunkún bí àṣá bá gbé òròmọdìẹ, kò sunkún àkọ́bí rẹ̀. Ó kàn ń wo àjà. Oúnjẹ tí wọ́n bá gbé síwájú rẹ̀, á fi ọwọ́ òsì bù ú lẹ́ẹ̀kan, á ní ó ti tó. Bí wọ́n bá dárúkọ Gideon, á wo ẹnu ẹni tó dárúkọ rẹ̀ bí ìgbà tí ẹni náà ń sọ èdè Ìjọ̀.

Àpọ́sítélì Philemon, olórí ìjọ, wá bẹ̀ ẹ́ wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ó sọ fún un pé ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ ni ìsìn ìrántí.

"Ẹ gbé mi lọ," Ìyá ní.

"Màmá, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì náà ni sàréè wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ṣeé ṣe."

Ìyá gbé ojú kúrò ní àjà. "Ẹ ò jẹ́ n rí i. Ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ." Ó yí ojú sí Prosper. "Rédíò Gideon ń kọ́? Ṣé ó ń sọ̀rọ̀?"

"Yóò sọ̀rọ̀, Màmá."

Kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mélòó kan. Prosper mọ̀. Ẹnu rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀.

Rédíò tí Ìyá ń wí yìí, iṣẹ́ ọwọ́ Gideon ni. Kọ̀ǹpútà kan tó ń pè ní sáfà wà lábẹ́ tábìlì ní pálọ̀ rẹ̀. Lìnọ́ọ̀sì, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ló fi sínú rẹ̀. Bí ìsìn bá bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn inú ṣọ́ọ̀ṣì á mú ohùn, wáyà á gbé e gba ẹ̀yìnkùlé wọ inú sáfà, sáfà á sì fọ́n ọn sórí wáífáì tí Gideon gbé kọ́ sórí òpó tánkì omi. Ẹni tó bá ti wà nínú abúlé, tó ní fóònù, á gbọ́. Kò ní ra dátà. Arúgbó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, aboyún tí ara rẹ̀ wú, gbogbo wọn ń ṣe àmín láti orí ẹní wọn. Iná ìjọba ti gbàgbé wọn, sólà ló ń gbé e. Lẹ́yìn tí apá Ìyá kú, ohun tó ń fi mọ̀ pé Ìsinmi ti pé nìyẹn. Etí odò lọ́hùn-ún ni ilé rẹ̀ wà. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì kì í dé ibẹ̀; wáífáì kejì tí Gideon kọ́ sórí òrùlé rẹ̀ ló ń gbé ohùn débẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sin Gideon tán, rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ náà kọjá, ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Òjò wá dé. Òjò tí kì í pariwo ni, tó kàn ń rọ̀ láàárọ̀ dalẹ́. Sólà kò rí oòrùn, bátìrì kú, sáfà kú tẹ̀lé e. Nígbà tí oòrùn yọ, iná tún wọ sáfà. Gílóòbù kékeré ojú rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Wáífáì jáde lórí fóònù. Rédíò nìkan ni kò jí.

Prosper ṣe é bí akọ̀pẹ ṣe ń ṣe nǹkan. Ó wo ibi tó ti lè já. Ó tẹ̀lé wáyà láti ṣọ́ọ̀ṣì títí dé abẹ́ tábìlì, bóyá eku ti jẹ ẹ́. Eku kò jẹ ẹ́. Ó gun òpó tánkì, ó nu ẹ̀rọ wáífáì pẹ̀lú ẹ̀wù rẹ̀. Ó pààrọ̀ wáyà bátìrì. Ó pa sáfà, ó tàn án. Ó pa á, ó tàn án. Bó ṣe tàn án tó, bẹ́ẹ̀ ni rédíò dákẹ́ tó. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo, bó bá ti fi igbà kọ́, pálọ̀ Gideon ló ń gbà lọ.

Jẹ́jẹ́lọlá, ìyàwó Gideon, wà nílé pẹ̀lú Ìdáraolúwa, ọmọ rẹ̀ tí kò tíì já lẹ́nu ọmú. Tíṣà ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń wọ dúdú. Láyé Gideon, Ọkọ Kékeré ló ń pe Prosper, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsìnkú, kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò pè é ní nǹkan kan. Bí Prosper bá ti tan ojú kọ̀ǹpútà, Jẹ́jẹ́lọlá á gbé ọmọ, á jáde sí ẹ̀yìnkùlé. Prosper rò pé òórùn Gideon tó wà lára nǹkan wọ̀nyẹn ló ń sá fún. Òun náà ìbá sá, ká ní ibi sísá wà.

Ní ẹbu, níbi tí wọ́n ti ń gún ẹyìn, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Lucas ló ni ẹ̀rọ ìfúnpo. Ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ.

"Ọ̀gá kọ̀ǹpútà! Ṣé igbà ti já ni?"

"Rédíò ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ̀," Prosper ní. Ó sọ odi ẹyìn kalẹ̀.

"Rédíò. Hùn-ún." Lucas wo àwọn obìnrin tó ń ṣa ẹyìn. "Alaalẹ́ ló ń gba pálọ̀ opó lọ, rédíò ló ń tún ṣe. Rédíò wo ló gba ọwọ́ tó báyìí? Àbí ẹ̀yin méjèèjì ò tíì fẹ́ kó ṣeé ṣe?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n kúkú ń ṣe é láyé àtijọ́," Lucas ní. "Ẹ̀gbọ́n kú, àbúrò ṣú u lópó. Ìwọ ṣáà múra. Àga ẹ̀gbọ́n rẹ gbòòrò díẹ̀ o."

Prosper nàró. "Lucas, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àbúrò tìẹ ṣú ìyàwó rẹ lópó."

Àwọn obìnrin sọ ẹyìn ọwọ́ wọn kalẹ̀. Kódà ẹni tó ń dáná dáwọ́ dúró.

"Eré ni mò ń ṣe o," Lucas ní.

"Èmi náà, àdúrà ni mo ṣe."

Ó kó odi tó ṣẹ́kù sílẹ̀, ó lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà bá a lọ. Ó wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún ọ̀pẹ, tí ojú kò rí, tí ọwọ́ ń kàn.

Ọjọ́ Ẹtì ló pe Olúwadámilọ́lá ní Òkìtìpupa. Ọmọbìnrin yìí ló ta kọ̀ǹpútà náà fún Gideon. Iṣẹ́ títún wọn ṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kí i kú àmúmọ́ra. Ó wá ní, "Ẹ ti pa á, ẹ ti tàn án?"

"Mo ti ṣe é títí, ó sú mi."

"Ẹ má ṣe é mọ́, bọ̀dá. Lìnọ́ọ̀sì kì í ya odi. Bó bá kọ iṣẹ́, á kọ ìdí tó fi kọ̀ síbì kan. Ẹ bi í."

"Báwo ni mo ṣe máa bi í? Èdè òyìnbó ló ń sọ, mo sì ti gbàgbé ìwọ̀nba tí mo kọ́ níléèwé."

"Ìyá Ìdára gbọ́ òyìnbó. Kí wọ́n jókòó tì yín. Ẹ pè mí lọ́la, èmi á máa sọ ohun tí wọ́n máa tẹ̀. Bọ̀dá, ẹ gbọ́. Ó lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ló kún. Ohùn tí Bọ̀dá Gideon gbà pa mọ́ síbẹ̀ pọ̀. Bó bá kún, ẹ ní láti pa díẹ̀ rẹ́ kó tó rí àyè mí."

Prosper mọ ohun tó wà níbẹ̀. Gideon ló máa ń lé orin nínú ìjọ. Ọdún mélòó kan ohùn rẹ̀ ló wà nínú àpótí yẹn. Ohùn tí Ìyá fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi wà lápá kan, ohùn Gideon wà lápá kejì. Kò sùn dáadáa.

Ọ̀sán Sátidé, òjò tún ṣú. Bátìrì kò kún. Prosper dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀, kò wọlé.

"Ìyá Ìdára, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè kà á. Ẹ bá mi jókòó."

Jẹ́jẹ́lọlá wò ó. Ó wo kọ̀ǹpútà. "Ṣé ó di dandan?"

"Lọ́la ni ìsìn. Màmá ń dúró."

Ó sọ ọmọ sẹ́yìn, ó jókòó. Prosper gbé fóònù sórí tábìlì, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ síta. Olúwadámilọ́lá ń pe ohun tí yóò tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà sí lẹ́tà.

Àyè ni wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Jẹ́jẹ́lọlá kà á. "Kò kún. Kò tíì dé ìdajì."

Prosper jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ pé òun ti nàró tipẹ́.

"Ó dáa," Olúwadámilọ́lá ní. "Ẹ jẹ́ ká bi rédíò fúnra rẹ̀."

Jẹ́jẹ́lọlá tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ pupa jáde lójú kọ̀ǹpútà, ó tò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Jẹ́jẹ́lọlá ń kà á nínú. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Ó kà á dé ìdí, ó padà sókè, ó tún un kà.

"Kí ló sọ?" Prosper ní.

Jẹ́jẹ́lọlá fi ìka tẹ̀lé ìlà kan.

"Ìyá Ìdára. Kí ló sọ?"

"Ó ń wá Gideon," ó ní.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí páànù.

"Ó ní orúkọ Gideon ni wọ́n ní kí òun fi ṣiṣẹ́. Òun wá Gideon, òun ò rí i. Òun tún wá a. Òun tún wá a. Nígbà tí òun ò rí i, òun jókòó."

"Há," Olúwadámilọ́lá ní láti inú fóònù. "Ó ti yé mi. Ẹ wò ó, iṣẹ́ kankan kì í dìde nínú ẹ̀rọ yìí láìlórúkọ. Ẹni tó gbé e kalẹ̀ á sọ fún un pé, iṣẹ́ yìí, orúkọ lágbájá ni kí o máa fi ṣe é. Orúkọ ara wọn ni Bọ̀dá Gideon fi síbẹ̀. Ẹnì kan ti yọ orúkọ yẹn kúrò nínú kọ̀ǹpútà. Ta ló yọ ọ́?"

Prosper kò mọ̀ pé orúkọ ṣeé yọ. Ó wo Jẹ́jẹ́lọlá.

"Èmi ni," Jẹ́jẹ́lọlá ní.

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó fi sí itan. "Ọjọ́ tí Wòlíì Àrìnkẹ́ wá ya ilé sí mímọ́ ni. Wọ́n ti fín tùràrí tán, wọ́n ti wọ́n omi. Mo tan ojú kọ̀ǹpútà pé kí n tẹ ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló ṣe: ó kọ orúkọ rẹ̀ síta, ó fi fọ́tò rẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúró kó wá tẹ páswọ́ọ̀dù. Wòlíì rí i. Wọ́n ní orúkọ òkú kò gbọdọ̀ máa yọjú bẹ́ẹ̀ nínú ilé tí ọmọ ọwọ́ wà. Pé ẹni tí à ń pè láàárọ̀ láàárọ̀ kò ní lè lọ." Ó nu imú. "Mo fi orúkọ tèmi wọlé, mo wá ibi tí wọ́n ti ń yọ ọ́, mo rí i. Ó bi mí pé ṣé ó dá mi lójú. Ó bi mí pé kí òun pa ẹrù rẹ̀ rẹ́ ni àbí kí òun pa á mọ́. Mo ní kó pa á mọ́."

"Ṣùgbọ́n rédíò ṣì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn," Prosper ní.

"Ó ti wọlé tẹ́lẹ̀ ni," Olúwadámilọ́lá ní. "Ẹni tó ti wà nínú ilé kò mọ̀ pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ìgbà tí iná kú, tó jáde, tó tún fẹ́ wọlé, ló tó mọ̀."

Inú kò bí Prosper. Ìbá sàn kó bí i. Ó kàn ń wo ọ̀rọ̀ pupa tí kò lè kà. Gbogbo bó ṣe ń pa á tó ń tàn án yẹn, Gideon ni ẹ̀rọ náà ń wá. Gbogbo ìgbà tí òun bá tàn án, á tún ké sí i.

"Ẹrù rẹ̀ ń kọ́?" ó ní.

Jẹ́jẹ́lọlá tẹ nǹkan. Àwọn fáìlì tò síta, ohùn Gideon gbogbo, ìsìn sí ìsìn. Ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. "Wọ́n wà. Orúkọ ẹni tó ni wọ́n ló yẹ kó wà níbí. Kò sí mọ́. Nọ́ńbà ló kù."

Nọ́ńbà, Prosper lè kà á. 1001. Ìlà kejì, 1001. Ìlà kẹta, 1001. Ó wò ó títí dé ìsàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà sára òkú tí ẹnikẹ́ni kò wá gbé ló rí lójú rẹ̀.

"Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ padà," ó ní.

"Mi ò lè kọ ọ́."

"Wòlíì ò sí níbí."

"Kì í ṣe Wòlíì." Ohùn Jẹ́jẹ́lọlá lọ sílẹ̀. "Mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá kọ ọ́ padà, á tún máa yọjú, èmi náà ni màá tún yọ ọ́. Ẹ má ṣe fi ìyẹn sí mi lọ́rùn."

"Ẹ fi tiyín sí i, nígbà náà. Ẹ kúkú ní orúkọ níbẹ̀."

Jẹ́jẹ́lọlá kò wò ó. "Lẹ́yìn ìrántí, mò ń padà sí Iyansan, lọ́dọ̀ àwọn òbí mi. Mo ti kọ̀wé síléèwé. Ẹni tó ń lọ, kí ló fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ ṣe? Ọjọ́ tí mo bá yọ ọ́, Màmá ò tún ní gbọ́ nǹkan kan mọ́."

Prosper kò gbọ́ ọ rí pé ó ń lọ. Ó wo ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn rẹ̀, tí etí rẹ̀ jọ ti Gideon.

"Orúkọ ẹni tó ń dúró ni kí ẹ fi sí i," Olúwadámilọ́lá ní, jẹ́jẹ́. "Bọ̀dá Prosper, ẹ̀yin ń kọ́?"

Prosper dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òjò ti ń le sí i. Ó rí Lucas lójú ọkàn rẹ̀, pẹ̀lú ẹnu rẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jókòó yẹn. Kí wọ́n tún wá fi orúkọ òun dípò orúkọ rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn tún àga òkú ṣe. Ọ̀tọ̀ ni kó jókòó sórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ìyá ti ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbọ́ ọ. Òun náà sì ti ní rédíò yóò sọ̀rọ̀.

"Ẹ kọ ọ́," ó ní. Kò yíjú padà.

Ó ń gbọ́ tí kíbọ́ọ̀dù ń dún lẹ́yìn rẹ̀. Kò pẹ́. Jẹ́jẹ́lọlá wá pè é.

"Ọkọ Kékeré."

Ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú nìyẹn. Ó yí padà.

"Ẹ wá wò ó."

Àwọn fáìlì ni. Àwọn kan náà. Nọ́ńbà kò sí níbẹ̀ mọ́. Orúkọ rẹ̀, Prosper lè kà á. Ìlà kìíní, Prosper. Ìlà kejì, Prosper. Títí dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló kọ orúkọ mi sára wọn? Mo ní ti rédíò nìkan."

"Ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́," Olúwadámilọ́lá ní. "Nọ́ńbà ni kọ̀ǹpútà fi ń mọ èèyàn. Nọ́ńbà tí Bọ̀dá Gideon fi sílẹ̀ ló ṣófo. Ẹ̀yin lẹ dé lẹ́yìn wọn, òun ló fún yín. Ohun tó bá ti wà lórúkọ nọ́ńbà yẹn ti di tiyín."

Kò sí ẹni tó pín ogún. Kò sí ẹbí tó jókòó. Prosper ní kí wọ́n ṣe èyí tó kù kíá, iná bátìrì ti ń pọ́n.

Jẹ́jẹ́lọlá ṣí ìwé tí rédíò fi ń mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó rí ìlà tí Gideon kọ orúkọ ara rẹ̀ sí. Ó pa á rẹ́ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti ẹ̀yìn wá síwájú, ó kọ Prosper síbẹ̀. Ó ní kí rédíò dìde.

Ó tún pọ́n. Ó tún ní òun ń wá Gideon.

"A ti pààrọ̀ rẹ̀!" Prosper pariwo. Ọmọ jí.

"Kò tíì gbọ́ ni," Olúwadámilọ́lá ní. "Ohun tó kà tẹ́lẹ̀ ló ṣì wà lórí rẹ̀. Ẹ ní láti sọ fún un pé kó lọ tún ìwé náà kà. Bí ẹ ò bá sọ fún un, á máa wá wọn títí ayé."

Wọ́n sọ fún un. Jẹ́jẹ́lọlá tún ní kó dìde. Ojú kọ̀ǹpútà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo jáde, ó ní àwọ̀ ewé tútù.

"Ó ti dìde," Jẹ́jẹ́lọlá ní.

Kò sí ẹni tó yọ̀. Jẹ́jẹ́lọlá gbé ọmọ lọ sí yàrá. Olúwadámilọ́lá ní ó dàárọ̀. Prosper dá jókòó sí pálọ̀ títí òjò fi dá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ẹbí wọ funfun, wọ́n bọ́ bàtà sílé, wọ́n gba ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Prosper kò lọ. Ilé Ìyá létí odò ló lọ. Ó fi ìrọ̀rí gbé Ìyá lẹ́yìn. Ó gbé fóònù lé e láyà, lápá òsì tó ṣì ń mọ nǹkan lára.

Agogo dún nínú fóònù. Ìyá pa ojú dé.

Wọ́n kọrin. Ohùn ẹlòmíì ló ń lé e. Wọ́n gbàdúrà, Ìyá ń ṣe àmín nínú imú. Àpọ́sítélì Philemon sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó lọ ní kùtùkùtù. Ó pè é ní Olóògbé Gideon Olúyọmí. Ojú Ìyá kò yí padà. Ó ń gbọ́ ọ bí ìkéde nípa ọmọ ọlọ́mọ.

Lẹ́yìn ìwàásù, wọ́n tún dá orin, orin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Atẹ́gùn wọ inú ẹ̀rọ. Prosper mọ̀ pé wọ́n ti ń gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì lọ, pé Àpọ́sítélì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn aláìníwáyà dání. Wọn kò sọ èyí fún un tẹ́lẹ̀. Orin dákẹ́. Nǹkan kan dún.

Gbà. Ó dúró díẹ̀. Gbà.

"Kí nìyẹn?" Ìyá ní.

Prosper na ọwọ́ sí fóònù. "Màmá, ẹ jẹ́ n pa á."

"Mo ní, kí nìyẹn?"

Gbà.

"Àgbélébùú ni, Màmá. Wọ́n ń gbá a mọ́lẹ̀."

"Níbo?"

Kò rí irọ́ kankan pa. "Lórí Gideon."

Ìyá la ojú. Ó fi ọwọ́ òsì bo fóònù náà mọ́ àyà, bí ìgbà tí èèyàn bo ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Òòlù tún dún, ó dún lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ṣí, apá kan ló ṣí, apá kejì kò lè ṣí. Ohun tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀. Prosper kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, ọjọ́ tí bàbá já bọ́ pàápàá. Ó di ejìká Ìyá mú. Òun náà ń sunkún, kò sì nu ún.

Ó pẹ́. Òòlù ti dákẹ́. Wọ́n ti kọrin ìdágbére, wọ́n ti ṣe oore-ọ̀fẹ́, ẹsẹ̀ ti kúrò nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí ẹni tó rántí pa ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Atẹ́gùn nìkan ló ń fẹ́ nínú fóònù.

"Wọ́n ti sin ín," Ìyá ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Jẹ́jẹ́lọlá ń kọ́?"

"Ọ̀la ló ń lọ."

Ìyá mi orí. Ó tún gbọ́ atẹ́gùn náà fún ìgbà díẹ̀. "Ta ló tún rédíò yìí ṣe? Ọ̀rẹ́ Gideon ti Òkìtìpupa ni?"

"Òun náà wà níbẹ̀."

"Orúkọ ta ló wà lórí rẹ̀ báyìí? Gideon sọ fún mi rí pé orúkọ òun ló wà lórí ẹ̀, pé rédíò máa ń fi í jí láràárọ̀."

Prosper wo ọwọ́ rẹ̀, èyí tí igbà ti sọ di líle. "Tèmi ni, Màmá."

Ìyá kò sọ pé ó dáa. Kò sọ pé kò dáa. Ó fi ìka òsì wá ọwọ́ Prosper, ó rí i, ó dì í mú. Àwọn méjèèjì jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n ń gbọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣófo.